Àpótí Tí Mo Ń Sá Fún

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé, tí ẹ jókòó sílé tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. N kò ní pẹ́ púpọ̀. Bí mo bá sì pẹ́, ẹ gbójú fò ó, àgbàlagbà ni mí, n kò ní ibi tí mò ń sáré lọ mọ́.

Ráfíù ni orúkọ mi. Ìkòsì ni ilé mi wà, ṣùgbọ́n Kétu ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe, mo máa ń dá a lóhùn pé mo ń so yìgì fún ẹ̀rọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé àwàdà ni. Òótọ́ ni mò ń sọ. Ṣọ́ọ̀ṣì kan lè ra ampilifáyà tí wọ́n ṣe ní London, kí ọmọ ìjọ tó wà ní Amẹ́ríkà fi míkísà ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹlòmíràn tún ra ẹ̀rọ tí ń mú kí ohùn dún padà, tó jẹ́ pé Japan ni wọ́n ti ṣe é. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní fífẹ̀ tirẹ̀, ó ní síkúrù tirẹ̀, ó sì ní irú iná tó ń lò. Wọn kò mọ ara wọn rí. Èmi ni n ó kó wọn sínú àpótí onígi kan ṣoṣo, n ó fi irin gbá igun rẹ̀ mú, n ó so wáyà wọn pọ̀, títí tó fi jẹ́ pé púlọ́ọ̀gì kan péré ni ẹ ó fi sára ògiri, tí gbogbo wọn á sì jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé ìwé, àwọn olórin, kò sí ẹni tí kò wá sí ṣọ́ọ̀bù wa.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ náà kò gùn. Àlùbọ́sà ni bàbá mi ń tà, ó sì fẹ́ kí n máa bá òun tà á, àmọ́ ojú mi kò gbà á. Bí mo bá ti dúró ti àpò àlùbọ́sà, ńṣe ni omi á máa dà lójú mi bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà. Ìyá mi ló fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ìdòwú. Iye tí wọ́n san àti ọdún tí wọ́n fọwọ́ sí, ẹ jẹ́ ká fò ó, kò sí adùn kankan níbẹ̀.

Ara Ọ̀gá Ìdòwú ni adùn wà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ga, ó tínrín, bírò mẹ́ta ló sì máa ń wà nínú àpò àyà rẹ̀ lójoojúmọ́, ọ̀kan fún ìwé, ọ̀kan fún pákó, ẹ̀kẹta fún ẹni tó bá fẹ́ yá bírò. Bí inú bá ń bí àwọn ọ̀gá yòókù ní àdúgbò, ohùn wọn á lọ sókè. Ti Ọ̀gá Ìdòwú, ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ. Bí o bá ti ń na etí kí o tó gbọ́ ohun tó ń sọ, o ti wọ gàù nìyẹn.

Odidi ọdún kan ni n kò fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ. Síkúrù ni mo ń ṣà. Ó máa ń da agolo síkúrù kún ilẹ̀, ti London, ti Amẹ́ríkà, ti Japan, gbogbo rẹ̀ á dàpọ̀, á sì ní kí n di ojú mi kí n fi ìka mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Eyín ara wọn yàtọ̀ síra, bí ẹ bá sì fi tipátipá ti ọ̀kan bọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, ihò náà bàjẹ́ nìyẹn. Mo bú ọ̀gá mi nínú ọkàn mi lọ́dún yẹn ju bí mo ṣe kírun lọ, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ṣùgbọ́n lónìí, ojú mi ti ṣú, ìka mi kò ṣú.

Lọ́dún kejì ni mo dé ìdí gílóòbù. Gílóòbù iná kan wà lórí tábìlì Ọ̀gá, irú èyí tó ń tàn nínú ilé, ó so ó sí ojú ọ̀nà tí iná ń gbà dé ara ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ yòówù kó wọ ṣọ́ọ̀bù wa, tuntun tàbí tòkunbọ̀, ara gílóòbù yìí ni yóò ti kọ́kọ́ gba iná. Bí ara ẹ̀rọ bá dá, gílóòbù á tàn yòò, á sì rẹlẹ̀. Bí nǹkan bá ti jóná nínú rẹ̀, gílóòbù kò ní rẹlẹ̀, á máa tàn lọ bẹ́ẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí iná tó pọ̀ wọlé tí yóò fi tún ba òmíràn jẹ́. Ọ̀gá sọ ọ́ di ìkíni. Á dúró sẹ́yìn mi, á di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

“Ta ló kí?”

“Ẹ̀rọ ló kí gílóòbù, sà.”

“Gílóòbù dáhùn?”

“Ó dáhùn, sà. Ó tàn, ó sì rẹlẹ̀.”

“Ó dáa. Jẹ́ kó jókòó.”

Àwọn tó ń kọjá lọ máa ń rò pé orí wa ti dàrú. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì bi wá lọ́jọ́ kan bóyá irú àdúrà tuntun kan ni.

Ìyẹn fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí a bá ti so gbogbo wọn pọ̀, ohun kan tún kù. Ọ̀gá Ìdòwú á bọ́ bàtà rẹ̀, á dúró lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lásán, á sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ojú irin gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú àpótí náà. “Mo ti rí ẹ̀rọ tó dáa lóun nìkan, tó wá ya wèrè nígbà tí wọ́n so ó mọ́ òmíràn,” ló máa ń wí. “Ká tó gbé e fún ọmọlọ́mọ, àwa la máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.” N kò ní kí ẹnikẹ́ni nínú yín dán irú rẹ̀ wò lónìí o. Mítà wà, ẹ lo mítà. Mo kàn ń sọ bí a ṣe ṣe é ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ. Ẹni tó bá to àpótí ni yóò fi bírò kọ orúkọ rẹ̀ sí pákó ẹ̀yìn, nínú lọ́hùn-ún, lábẹ́ orúkọ ọ̀gá. Mo bi Ọ̀gá pé kí ló fà á tí a ń kọ orúkọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Ó ní, “Kí ẹni tó bá ṣí i lẹ́yìn wa lè mọ ẹni tó máa bú.” Àwàdà ló fi ṣe, ṣùgbọ́n mo gbé e sọ́kàn. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ láyé ni kí orúkọ mi wọ inú àpótí. N kò fẹ́ ìyàwó, n kò fẹ́ ọkọ̀. Ráfíù, lábẹ́ Ìdòwú, ìyẹn ti tó mi.

Lọ́dún kẹrin, ìjọ aláṣọ funfun kan ní Kétu gbé iṣẹ́ wá. Ampilifáyà London kan, míkísà Amẹ́ríkà kan, àti tiransifọ́mà tí yóò máa dín iná kù fún míkísà náà. Ìkórè wọn ti súnmọ́lé. Ọ̀gá Ìdòwú sì ń lọ sí Ìjẹ̀bú fún ìsìnkú. Ó pè mí kó tó wọ ọkọ̀.

“Ìwọ ni kó o tò ó. Tó o bá ti ṣe tán, bọ́ bàtà, fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, kó o kọ orúkọ ẹ.”

Orí mi wú. Ẹ̀rọ méjèèjì kí gílóòbù, gílóòbù dá wọn lóhùn. Mo so wáyà wọn pọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìṣe. Lára wáyà àwọn ará London ìgbà náà, pupa ni iná ń gbà wọlé, dúdú ló ń gbà padà. Lára ti Amẹ́ríkà, dúdú yẹn gan-an ni iná ń gbà wọlé, funfun ló ń gbà padà. Èmi rí dúdú méjì, mo so dúdú mọ́ dúdú, mo sì ń fi ẹnu súfèé. Báyìí ni iná ṣe gba wáyà funfun, tó so mọ́ ara irin míkísà náà, wọ irin ọ̀hún, tó sì gba inú wáyà lọ dé ara maikirofóònù.

Bí mo bá bọ́ bàtà ni, ǹ bá mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bàtà wo ni mo wọ̀? Bàtà gogoro tuntun, onírọ́bà nísàlẹ̀, tí okùn rẹ̀ gùn dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo rà á. Ó máa ń gbà mí ní àkókò kí n tó dè é, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ̀, wọ́n ń pè mí ní “Ọ̀gá.” Ọ̀gá! Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan irin náà tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Rọ́bà kò jẹ́ kí n mọ nǹkan kan lára. Mo kọ RÁFÍÙ gàdàgbà-gadagba, ó tóbi ju ti ọ̀gá mi lọ.

Ọ̀sán Sátidé ni, mo ti bá wọn gbé àpótí náà dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń dán orin wò. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe mọ̀, wọn kì í wọ bàtà nínú irú ìjọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀ ni, omi ṣì wà lórí símẹ́ńtì. Sister Bọ́lá ló ń darí ẹgbẹ́ akọrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ohùn rẹ̀ máa ń dé títì. Ó na ọwọ́, ó di maikirofóònù mú. Orin dúró lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ le, ó ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ranjú, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lára irin náà.

Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn ará ìjọ ṣe? Wọ́n pariwo Halelúyà. Wọ́n rò pé Ẹ̀mí ló gbé e. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ẹnì kan ń lu agogo. Èmi nìkan, ọmọ Mùsùlùmí tó dúró sẹ́yìn lọ́hùn-ún, ló mọ̀ pé iná ni. Mo fo àga méjì kọjá, mo fa púlọ́ọ̀gì yọ kúrò lára ògiri, Sister Bọ́lá sì wó lulẹ̀.

Ó yè. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Ó yè, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó, kò sì fọwọ́ kan maikirofóònù fún ìgbà pípẹ́. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ ń sunkún. Èmi kò tiẹ̀ lè sunkún.

Ọ̀gá Ìdòwú dé ní Mọ́ńdè. Ohùn rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo ní láti sún mọ́ ọn. Ìbéèrè kan péré ló bi mí.

“Bàtà wo lo wọ̀?”

Mo fi hàn án. Kò lù mí. Ó mú sáńdípépà, ó ṣí ẹ̀yìn àpótí náà, tí a ti gbé padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, lójú gbogbo àwa ọmọ iṣẹ́, ó sì ha orúkọ mi kúrò. Ó ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń fọ ara ọmọ. “O ò gbọdọ̀ kọ orúkọ sínú àpótí kankan mọ́,” ó wí, “àfi tí mo bá sọ fún ẹ.” Lẹ́yìn náà ló mú mi lọ sílé àwọn òbí Sister Bọ́lá. Mo rò pé èmi nìkan ni n ó dọ̀bálẹ̀. Ọ̀gá mi, ọkùnrin tó ti ní ewú lórí, nà gbalaja sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nítorí bàtà gogoro. Ìyẹn dùn mí ju sáńdípépà lọ.

Ó ní kí n tú gbogbo wáyà náà, kí n tún un so. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, ẹsẹ̀ lásán ni mo sì fi ṣe é láti òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní títí dé ìparí. Nígbà tí mo ṣe tán, ó rán mi lọ sí Owódé Onírin láti lọ ra síkúrù. Kí n tó dé, òun fúnra rẹ̀ ti ti ẹ̀yìn àpótí náà pa. Ó wò mí, ohùn rẹ̀ sì ti padà sí bó ṣe máa ń wà.

“Àpótí yẹn, tìẹ ni. Ìwọ ni kó o máa lọ ṣí i wò fún wọn lọ́dọọdún.”

“Ó dáa, sà,” ni mo wí.

N kò lọ. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, nítorí òun ni mo ṣe jókòó kọ gbogbo èyí. N kò lọ lọ́dún kìíní, n kò lọ lọ́dún kejì. Ojú ń tì mí. Bí mo bá ń bọ̀ láti òpópónà, mo máa ń gba ẹ̀yìn ilé kí n má baà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì náà. Bí Ọ̀gá bá bi mí, n ó ní mo ti lọ.

Mo gba fírídọ̀ọ̀mù. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi. Mo níyàwó, mo bímọ, inú mi sì dùn sí iṣẹ́ náà, n kò ní purọ́ fún yín. Kò sí ohun tó dà bíi kí ẹ̀rọ mẹ́rin láti ìlú mẹ́rin sọ̀rọ̀ pọ̀ nígbà àkọ́kọ́ lábẹ́ ọwọ́ ẹni. Irinṣẹ́ yí padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ la fi ń lu ihò sí irin, ẹ̀rọ wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin mẹ́ta máa ń gbé ọ̀kan. Díríìlì oníná dé. Ẹ̀rọ fúyẹ́. Irin igun tí a ń rà ní Owódé Onírin di alumíníọ̀mù. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àpótí tí mo tò, n kò kọ orúkọ mi sínú ẹyọ kan. Bí àwọn oníbàárà bá béèrè, mo máa ń ní orúkọ mi gùn jù. Mo ń retí kí Ọ̀gá Ìdòwú sọ fún mi.

Nígbà tí àìsàn gbé e dè ní Ìjẹ̀bú, mo lọ wò ó. Mo ti pinnu lọ́nà pé n ó bi í. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ráfíù, àpótí àwọn aláṣọ funfun yẹn, ṣé o máa ń ṣí i?”

“Mo máa ń ṣí i, sà.”

“O rí inú ẹ̀?”

“Mo rí i, sà. Ó wà dáadáa.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó di ọwọ́ mi mú pẹ́. “Ó dáa. Ó dáa náà.” Ó sùn lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ tún bi í ní nǹkan lẹ́yìn irú irọ́ bẹ́ẹ̀? Kò pẹ́ sí i tó fi kú, mo sì gbà lọ́kàn mi pé ọ̀rọ̀ orúkọ ti parí.

Nígbà tó yá, sípíkà tí ohun gbogbo wà nínú rẹ̀ gbòde. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe é láti òkè délẹ̀, fóònù ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó nílò kí n so yìgì fún ẹ̀rọ mọ́. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. N kò sunkún lé e lórí. Mo ń sùn lọ́sàn-án, mo ń bá ìyàwó mi lọ ra tòmátì ní Mile 12, mo ń ṣe àríwísí sí sípíkà mọ́ṣáláṣí wa.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ní ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin kan gbé mọ́tò wá síwájú ilé mi ní Ìkòsì. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

“Ẹ káàsán, sà. Ẹ̀yin ni Daddy Ráfíù? Ìtùnú lorúkọ mi, Ogudu la ń gbé. Grandma mi ló rán mi wá. Ó ní kí n lọ bá Ráfíù tí iná ẹ̀ gbé òun.”

Mo jókòó. Mo ti dúró tẹ́lẹ̀ ni.

Ó ní ọ́fíìsì lòun ń lọ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n orin lòun fẹ́ràn. Ó ṣí páálí kan, ó kó àwọn nǹkan pẹlẹbẹ jáde, olójú irin, tó kún fún bọ́tìnnì àti ihò. Mọ́júlù ló pè wọ́n. Ọ̀kan ń mú ohùn jáde, òmíràn ń gé ohùn náà, òmíràn ń ka ìlù fún un. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn kò lè dá nǹkan gidi ṣe. Ará Germany ló ṣe méjì, ará Japan ló ṣe ọ̀kan, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Èkó níbí ló ṣe méjì yòókù. Ó fẹ́ kí gbogbo wọn wà nínú àpótí kan ṣoṣo.

“Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ mi, Daddy. Wọ́n ní kí n lọ order àpótí. Grandma ní rárá, ó ní àpótí wà.” Ó ṣí bùùtù mọ́tò rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ti tú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ dànù, wọ́n sì fẹ́ sọ àpótí náà nù kí Grandma rẹ̀ tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó fọwọ́ kàn án. Igun irin yẹn, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.

“Mo ti fẹ̀yìn tì, ọmọ mi,” ni mo wí.

“Grandma ní ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n sọ fún yín pé ọwọ́ òun ti jinná. Ó ní òun fẹ́ fi í kọrin níbi ìkórè ọdún yìí.”

Kí ni mo tún lè wí? Mo ní kó gbé e wọlé.

Ẹ̀yin ọmọ, inú mi dùn láàárín ọ̀sẹ̀ náà ju bí mo ṣe rò lọ. Ìtùnú máa ń wá ní ọjọ́ tí kò bá lọ sí ọ́fíìsì. Fífẹ̀ àpótí náà ṣe wẹ́kú, àfi bí ẹni pé a ti wọn mọ́júlù sílẹ̀ dè é láti ìgbà náà. Síkúrù àwọn ará Germany kò bá ti àwọn ọmọ Èkó mu. Mo di ojú mi, mo fi ìka ṣà wọ́n, Ìtùnú sì ń pariwo pé kí n dúró kí òun ya fídíò. Mo lọ sí Owódé Onírin, ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, mo ra gílóòbù mọ́tò kékeré, nítorí iná àwọn nǹkan wọ̀nyí kò ju ti bátìrì ọkọ̀ lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí gílóòbù. Mo kọ́ Ìtùnú ní èsì rẹ̀.

“Ta ló kí?”

“Module ló kí gílóòbù, sà!”

Ó ku wáyà. Wáyà wọn fẹjú bíi rìbọ́ọ̀nù, ìlà pupa kan sì wà létí rẹ̀. Gbogbo ayé mi ni pupa ti jẹ́ ibi tí iná ń gbà wọlé. Mo na ọwọ́ láti fi í bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi dúró lófuurufú. Mo rántí dúdú méjì.

“Ìtùnú, kí ni pupa yìí ń wí?”

“Há, Daddy! Pupa ni minus o. Wọ́n máa ń sọ ọ́ fún wa, ẹni tó bá yí i padà, ó ti jó o nìyẹn.”

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi wúkọ́. Mo gbé mítà, mo wọn ihò kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò gba ọ̀rọ̀ àwọ̀ gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀kan nínú ti àwọn ọmọ Èkó, ihò rẹ̀ dojú kọ òdìkejì. Bí a bá tẹ̀ lé ìlà pupa níbẹ̀, ó ti lọ.

Ìkẹyìn ni mọ́júlù Japan. Ikùn rẹ̀ gùn ju ti àwọn yòókù lọ, kò sì wọlé tán. Mo ní kí n wo bí pákó ẹ̀yìn ṣe nípọn tó, bóyá mo lè gbẹ́ ẹ díẹ̀. Eruku ti bò ó bí aṣọ. Mo fi àkísà tútù nù ún.

ÌDÒWÚ, bírò àtijọ́. Lábẹ́ rẹ̀, ibi tí sáńdípépà ti ha funfun. Lórí ibi tó ha náà, ẹnì kan ti kọ RÁFÍÙ. Kì í ṣe ọwọ́ mi. Ọwọ́ Ọ̀gá ni, bó ṣe máa ń tẹ ẹsẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ sẹ́yìn. Ó wá fi lẹ́tà kéékèèké kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: Ó bọ́ bàtà.

Ọjọ́ tó rán mi ní síkúrù ló kọ ọ́. Ó ti sọ fún mi. Ó ti sọ ọ́ síbi tó mọ̀ pé n ó ti rí i láàárín ọdún kan péré, bí mo bá ṣe ohun tó ní kí n ṣe. Ó sì kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé mo ti rí i. Ìdí ẹ̀rín músẹ́ ọjọ́ náà ní Ìjẹ̀bú nìyẹn.

“Daddy, kí ló dé? Ṣé ó ti jó ni?”

“Kò jó,” ni mo wí. Mo sunkún bí ẹni tó dúró ti àpò àlùbọ́sà. Ọmọ náà gbé omi wá fún mi.

N kò gbẹ́ ibi tí orúkọ wà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo gbẹ́, mo sì sún mọ́júlù Japan lọ síbẹ̀.

A gbé e lọ sí Ogudu ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Sister Bọ́lá ọjọ́ kìíní, tó ti di Grandma báyìí, jókòó nínú pálọ̀, irun rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ mú. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Ráfíù, o pẹ́ kó o tó wá.”

“Mo pẹ́, ma. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“Inú mi ò bí láti ọdún yẹn wá. Mo kàn ń retí ẹ ni. Dìde.” Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀. “Ó yá, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.”

Mo ti fi mítà wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta nílé. Síbẹ̀, mo bọ́ bàtà mi, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan gbogbo ojú irin náà níṣojú rẹ̀. Òun náà na ọwọ́ tó ní àpá, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e.

“Ó tutù,” ó wí. Ó di maikirofóònù mú, Ìtùnú yí bọ́tìnnì, ìlù bẹ̀rẹ̀, ìyá náà sì bẹ̀rẹ̀ orin láti ibi tó ti dúró lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ tí iná gbé e. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé títì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá yàn, ẹ ó ba nǹkan jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ padà lọ síbẹ̀. Ẹ má gba ẹ̀yìn ilé bíi tèmi.

Kí a tó ti ẹ̀yìn àpótí náà pa ní Ogudu lọ́jọ́ náà, mo fún Ìtùnú ní bírò, mo ní kó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ tèmi. Mo mú síkúrù mẹ́rin. Kí n tó fi èyí tó kẹ́yìn sí i, mo tẹ orí sí ihò náà, mo sì rẹ ohùn mi sílẹ̀ bíi ti Ọ̀gá Ìdòwú.

“Mo ti ṣí i, sà.”